Ariwo S7 lórí bándì 40 mítà látìgbà tí mo ti so àpótí súìṣì áńténà (Ṣágámù)

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onírédíò. Rédíò tí mo fi ń bá àwọn onírédíò ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lókèèrè ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Mákun ni ilé wa wà, ní Ṣágámù níbí. Mo ri òpó páìpù mítà mẹ́sàn-án sí ẹ̀yìnkùlé, áńténà mẹ́ta ló sì wà lára rẹ̀: dipole (áńténà okùn tó ní apá méjì) fún bándì 40 mítà, tí apá rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ bí òrùlé, dipole 20 mítà, àti ọ̀pá kan tó dúró ṣánṣán fún 10 mítà. Tẹ́lẹ̀, wáyà mẹ́ta ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ áńténà, màá tú ọ̀kan, màá de òmíràn. Ìyàwó mi ní fèrèsé ti dà bí ìsọ̀ rẹwáyà.

Ni mo bá kan àpótí súìṣì fúnra mi. Rélè mọ́tò mẹ́ta (súìṣì tí iná ń tẹ̀ fúnra rẹ̀) nínú àpótí ike, mo gbé e sí ìdí òpó. Wáyà coax RG-213 kan ṣoṣo, èyí tó ń gbé ohùn láti áńténà, ló ń bọ̀ nínú yàrá báyìí, wáyà LAN mítà méjìdínlógún ló sì ń gbé 12 volt lọ fún àwọn rélè. Mo fi téèpù de wáyà méjèèjì pọ̀ kí ó lè wuyì.

Kí n tó so àpótí yìí, ariwo lásán tó máa ń wà lórí 7.1 MHz (bándì 40 mítà) kì í ju S3 lọ lójú abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára ohun tó ń wọ rédíò, bí kò bá sí òjò nítòsí. Ní báyìí abẹ́rẹ́ dúró sí S7, kò mì. Lórí 14 MHz (20 mítà), S5. Bí mo bá ń yí bọ́tìnnì lọ, ariwo náà á ru, á wálẹ̀, á tún ru, nǹkan bí 60 kHz sí ara wọn.

Ohun tó dá mi lójú pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ mi ni pé tí wọ́n bá mú iná, ariwo ò lọ. Mo tún yọ àpótí kúrò pátápátá, mo so RG-213 mọ́ dipole 40 tààrà, mo ṣì rí S6. Aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà sórí òrùlé lóṣù tó kọjá. Ṣé kí n lọ bá a?

Ìkẹ́nnẹ́_Sólà | Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Má tíì lọ bá a o.

Iṣẹ́ sólà ni mo fi ń jẹun, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé sólà kì í pariwo. Ó ń pariwo. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà wọ bátìrì, kò níṣẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Tí òun bá ni, ariwo á bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, á rọlẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kún, á dákẹ́ nírọ̀lẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lo kọ̀wé, o ní abẹ́rẹ́ ṣì wà ní S7. Ínfátà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nírú àsìkò yẹn. Ṣé ilé tìrẹ náà ní ínfátà?

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́bọ̀, 9:51 alẹ́

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan tó ní bátìrì méjì, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀, kò sì pariwo tó báyìí rí.

Ọ̀dọ́_Àgọ́ | Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. S3 sí S7, ṣé ìyàtọ̀ ńlá ni? Mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn.

Àńtí_Físíìsì | Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Ìbéèrè tó dáa ni, má tọrọ gáfárà. S kan jẹ́ 6 dB (òṣùwọ̀n tí a fi ń fi agbára wé ara wọn). Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gun S kan, volt tó ń wọ rédíò di ìlọ́po méjì. S9 jẹ́ 50 microvolt lórí bándì wọ̀nyí. S7 á wá jẹ́ bíi 12.5, S3 kò sì tó 1. Láti S3 sí S7 jẹ́ 24 dB. Tí a bá fi agbára wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po igba ó lé àádọ́ta. Bí ìgbà tí ẹnì kan ń bá ọ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú yàrá, tí wọ́n wá gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ sí àárín ọjà Òkè-Ajé lọ́jọ́ ọjà. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì, o ò kàn gbọ́ mọ́ ni.

Baba_Rélè | Ọjọ́ Ẹtì, 5:48 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá kan àpótí rélè fúnra rẹ̀ láyé òde òní, ó yẹ ká kí i. Nínú iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn rélè ni mo dàgbà sí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà báyìí.

O ka gbogbo ohun tó wà lórí òpó fún wa, títí dé gígùn wáyà. Ohun kan lo fò. Níbo ni àpótí yẹn ti ń jẹ 12 volt? O sọ ọ̀nà tó gbà lọ, o ò sọ ibi tó ti wá. Nígbà tí o yọ àpótí tí o rí S6, ṣé o yọ ohun tó ń bọ́ ọ kúrò lójú iná, àbí orí nìkan lo gé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n mú. Àwa níbí ní ohun èlò ìwádìí kan tí àwọn òyìnbó ò ní: wọ́n máa ń bá wa pa iná láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Nígbà kan, bí iná bá ti lọ tí ariwo bá a lọ, o ti mọ̀ pé nínú ohun tó ń jẹ iná ìjọba ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà. Ínfátà ti ba ìdánwò yẹn jẹ́. Iná lọ, nǹkan kan ò kú nínú ilé. Nítorí náà, pé ariwo ò lọ nígbà tí wọ́n mú iná, kò dá ilé tìrẹ láre rárá.

Kì í sì í ṣe wáyà òpópónà. Tìyẹn máa ń dín bí àkàrà nínú epo, ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí 50 Hz ni iná wa. Ó sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bándì ni. Tìrẹ tó ń ru tó ń wálẹ̀ ní 60 kHz sí ara wọn, ohun tó ń gé iná wẹ́wẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: adápítọ̀ tó fúyẹ́, ínfátà, gílóòbù LED, àwọn ẹbí kan náà.

Ṣe báyìí lọ́jọ́ tí o bá ráyè. Gbé bátìrì mọ́tò wọlé, so rédíò mọ́ ọn. Pa iná ìjọba ní bírékà ńlá, kí o wá pa ínfátà náà. Kí gbogbo ilé ṣókùnkùn. Wo abẹ́rẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ariwo bá ṣì wà, o lè lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Tí ó bá lọ, jókòó sílé rẹ. Máa dá nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa tan án, kí ìwọ máa wo abẹ́rẹ́.

Mo ti rìn yí àdúgbò ká rí pẹ̀lú rédíò AM kékeré létí bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́, mo sì padà wá bá ewúrẹ́ náà nínú kíṣìnnì ara mi.

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Ẹ kàárọ̀, Baba. Ẹ ti mú mi. Adápítọ̀ kámẹ́rà CCTV ni mo lò, 12 volt, 2 amp. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ni mo bá yọ adápítọ̀ rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná. Nígbà tí mo yọ àpótí, ó ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà LAN náà ṣì nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ RG-213 látòkèdélẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yé mi. Wáyà LAN yẹn ò kan áńténà níbì kankan. Kọ́ọ̀lì rélè nìkan ló gbé iná lọ bá. Báwo ni ariwo ṣe dé inú rédíò?

Ìkẹ́nnẹ́_Sólà | Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Baba, mi ò tíì gbà pé adápítọ̀ kékeré yẹn nìkan ló lè ṣe S7. Wo ínfátà rẹ dáadáa. Tí ó bá jẹ́ irú èyí tí iná rẹ̀ kì í ṣe ìgbì tó yí, tó jẹ́ igun mẹ́rin-mẹ́rin, á máa pariwo, ohun gbogbo tó ń jẹ iná lára rẹ̀ náà á sì máa pariwo tẹ̀lé e.

Àńtí_Físíìsì | Ọjọ́ Ẹtì, 4:20 ìrọ̀lẹ́

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni, ẹ má bínú.

Ọmọ_Mákun, ohun tó rú ọ lójú yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́ àfìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. A rò pé wáyà coax ní ọ̀nà méjì: okùn àárín, àti ìbòrí onírin tó yí i ká. Fún ìgbì rédíò, ọ̀nà mẹ́ta ni. Iná tí ìgbì rẹ̀ yára bíi ti rédíò kì í wọ inú irin lọ, awọ irin ló ń gbà. Nítorí náà inú ìbòrí yẹn jẹ́ ọ̀nà kan, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà mìíràn, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Ohùn tí o fẹ́ gbọ́ ń gba inú bọ̀. Ẹ̀yìn jẹ́ okùn gígùn lásán tó wà níta, áńténà kẹrin tí o ò kà mọ́ ti tìrẹ.

Adápítọ̀ yẹn ń tú ariwo sórí wáyà LAN. Wáyà LAN sùn ti ẹ̀yìn coax fún mítà méjìdínlógún, o tún fi téèpù dè wọ́n. Ariwo fò kọjá, ó gun ẹ̀yìn coax lọ dé ìdí áńténà. Ibẹ̀ ni inú àti ẹ̀yìn ti pàdé, níbi tí o ti so ìbòrí mọ́ apá kan dipole. Ó yí wọ inú, ó bá ohùn gidi padà wá sí yàrá rẹ. Bí o ṣe rí S6 láìsí àpótí nìyẹn. Àpótí kọ́ ni ọ̀nà. Ó kàn fún ariwo ní ilẹ̀kùn kejì nípasẹ̀ rélè ni.

Tú téèpù yẹn lónìí, kí o fi àyè sáàárín wọn. Ìyẹn nìkan á ti mú nǹkan kúrò.

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:33 ọ̀sán

Mo ti ṣe é. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n ń figbe ta ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan nǹkan kan.

Ilé ṣókùnkùn, rédíò lórí bátìrì mọ́tò: S3 fẹ́rẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tan ínfátà láìfi nǹkan kan jẹ iná lára rẹ̀: S4. Fíríìjì, kò sí ìyípadà. Fáànù, kò sí. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà, ó fi díẹ̀ kún un. Adápítọ̀ CCTV: abẹ́rẹ́ fò lọ sí S7 kí ọwọ́ mi tó kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo yọ ọ́, ó balẹ̀. Mo tún tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fò. Ìgbà márùn-ún ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, ẹ má bínú.

Ìkẹ́nnẹ́_Sólà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:50 ọ̀sán

Kí ni mo fẹ́ bínú sí. S4 ti ínfátà yẹn, tèmi nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Baba_Rélè | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun. Ó kù kí a tún un ṣe, kì í ṣe kí a kàn ju adápítọ̀ sóko.

Bátìrì kékeré 12 volt 7 Ah ni kí o fi bọ́ àwọn rélè náà. Rélè mọ́tò kan kì í jẹ ju nǹkan bí 130 milliamp lọ, ẹyọ kan ló sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn á gbé ọ dé àádọ́ta wákàtí. Tí o bá wá tún wáyà inú àpótí tò kí dipole 40 wà níbi tí rélè máa ń sinmi sí, bándì tí o ń lò jù kò ní jẹ iná rárá. Bí bátìrì bá sú ọ, wá adápítọ̀ ayé àtijọ́, èyí tó wúwo tó ní transformer nínú.

Nínú àpótí, fi kapásítọ̀ 0.01 microfarad sí ìdí okùn kọ̀ọ̀kan tó ń gbé iná wá, láti okùn sí ilẹ̀. Fi dáyóòdù 1N4007 dábùú kọ́ọ̀lì rélè kọ̀ọ̀kan, kí ìlà rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ pósítíìfù (+). Bí o bá pa rélè láìsí dáyóòdù, kọ́ọ̀lì yẹn máa ń ta iná padà tó lè pa ohun tó ń darí rẹ̀.

Ó ku choke, ohun tó ń dí ọ̀nà mọ́ ariwo tó ń gba ẹ̀yìn wáyà. Òrùka ferrite (òkúta dúdú onírin) onírú 31 ni kí o wá, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Yí wáyà RG-58 ká a ní ìgbà mọ́kànlá tàbí méjìlá, kí o so ó sáàárín àpótí àti RG-213. RG-213 fúnra rẹ̀ nípọn jù fún irú ìyípo bẹ́ẹ̀, má fi agídí ká a. Yí wáyà LAN náà ká òrùka tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tan ọ́ pé ferrite kékeré tí wọ́n ń há mọ́ wáyà kọ̀ǹpútà ti tó. Níbẹ̀ wáyà gba inú ihò lẹ́ẹ̀kan péré. Agbára choke ń lọ pẹ̀lú iye ìyípo lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀: ìyípo méjì ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún. Lórí 7 MHz, ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí kí èèyàn fi owú dí odò.

Ọ̀dọ́_Àgọ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:44 alẹ́

Baba, mi ò rí onírú 31 rà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ní tẹlifíṣọ̀n onígò tó ti kú. Ṣé ferrite ọrùn rẹ̀ lè ṣe é?

Baba_Rélè | Ọjọ́ Àìkú, 6:02 àárọ̀

Ó sàn ju àìní lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra nígbà tí o bá ń tú u o. Gò yẹn ṣì lè fi iná pamọ́ sára, bó tilẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀. Pe ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kí ó tú u fún ọ.

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ìròyìn ti dé. Bátìrì 7 Ah, kapásítọ̀, dáyóòdù, òrùka méjì tí mo ní kí wọ́n bá mi gbé bọ̀ láti Alábà. S3 lórí 40, S2 lórí 20. Mo gbọ́ àwọn ará Yúróòpù lálẹ́ àná bí ẹni pé wọ́n wà ní ìkóríta Ṣágámù.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún jáde tí ariwo ti bò mọ́lẹ̀. Lórí 20 mítà, ohùn àwọn ènìyàn máa ń rẹlẹ̀, á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bí mo bá tẹ gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀kan, tí mo fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí mo fi sílẹ̀, ohùn wọn á ṣí gbàù! Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, á tún rẹlẹ̀. 40 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Baba_Rélè | Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Inú mi dùn, torí mo mọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ojú rélè kejì rẹ ti ní awọ. Rélè mọ́tò, ọgbọ̀n amp ni wọ́n ṣe é fún. Bí iná ńlá bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá, ó ń ta pàrà díẹ̀, ìtapàrà yẹn ló ń fọ ojú rélè mọ́ fúnra rẹ̀. Ìwọ wá ń fi microvolt kọjá lójú rẹ̀. Awọ tín-ín-rín tí ojú ò rí máa hù síbẹ̀, ohùn ò sì lágbára tí ó lè fi ya á. Bí o bá fi 100 watt ránṣẹ́, ó la á kọjá, ọ̀nà ṣí. Bí ó bá pẹ́, ó tún di. Nínú ilé tẹlifóònù, ẹnì kan wà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa nu ojú rélè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Má fi bébà oníyanrìn yún un láé. Gé bébà líle tẹ́ẹ́rẹ́, fi omi ìfọ̀-rélè díẹ̀ sí i, tẹ rélè kí ojú rẹ̀ mú bébà, kí o fà á jáde jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ra rélè tí wọ́n ti dí ojú rẹ̀ pa. Tí o bá ṣí àpótí, wò ó bí omi tàbí kòkòrò bá ti wọlé.

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́bọ̀, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Baba, ẹ̀rù yín ń bà mí. Eyin ọmọńlé méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélè kejì, òógùn omi sì wà lára ìdérí. Ihò tí mo gbẹ́ fún wáyà LAN ni wọ́n gbà wọlé.

Mo ti nu ojú rélè, 20 ti ṣí, kò sì tíì rẹlẹ̀ láti àárọ̀. Rélè tí wọ́n dí ojú rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àńtí_Físíìsì | Ọjọ́bọ̀, 7:00 alẹ́

Dí ihò òkè, kí o gbẹ́ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kí omi máa jáde. Tí o bá ní àpótí irin, gbé gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, kí o so ó mọ́ ọ̀pá tó wọ ilẹ̀. Bí òjò bá ti ń ṣú, yọ RG-213 kúrò lẹ́yìn rédíò, kí o gbé e jìnnà. Rélè kankan ò lè bá Ṣàngó jà.

Ọmọ_Mákun | Ọjọ́ Àìkú, 3:10 ọ̀sán

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Kí n tún jẹ́wọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ṣe lánàá, mo dá adápítọ̀ yẹn padà fún un, abẹ́rẹ́ sì gun S5. Mo ti ra oní-transformer fún kámẹ́rà náà pẹ̀lú.

Aládùúgbò mi wá bi mí lẹ́yìn ìsìn lónìí pé kí ló dé tí mo ń wo òrùlé òun láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní mo ń gbádùn sólà rẹ̀ ni. Ló bá fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó bá a ṣe é, pé Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wá.

Ìkẹ́nnẹ́_Sólà | Ọjọ́ Àìkú, 3:26 ọ̀sán

Ilé alájà kan tó ní géètì aláwọ̀ ewé, àbí? Òrùka ferrite mẹ́rin ni mo fi sórí wáyà ilé yẹn. Mo sọ fún ọ pé kí o má tíì lọ bá a.